Ohun Tó Wà Nínú Agolo Bisikíìtì Mi

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀rí owó, kì í ṣe ẹ̀rí ọmọ, kì í sì í ṣe ti físà. Ẹ̀rí kòkòrò ni. Kòkòrò tí mo fi òwú, ìyẹ́ adìẹ àti àjákù sílípáàsì dì mọ́ ìwọ̀, tí ẹja inú odò Ogou ń gbé mì nítorí ó gbà pé ẹ̀dá alààyè ló bọ́ sómi. Àwọn kan ní Atakpamé, ìlú wa ní Tógò, pè é ní òògùn. Àwọn mìíràn ní mo fẹ́ fi fa ọkùnrin ni. Mo ti dákẹ́ fún wọn tó. Èmi tí mo ń dì í ni mo mọ ohun tí Ọlọ́run fi ṣe fún mi, òun ni mo sì fẹ́ sọ láìfi ohunkóhun pamọ́.

Télọ̀ ni mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ru ẹrù dé Tógò tí wọn ò sì padà mọ́. Ifẹ̀ ni ìyá mi, àwọn Ifẹ̀ Atakpamé tí àwọn ẹlòmíràn tún ń pè ní Ana, tí ìtàn wọn sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá. Ọmọ Ifẹ̀ náà ni ọkọ mi. Awakọ̀ ni, ó ń na ọ̀nà Lomé, nǹkan bí 160 kìlómítà lálọ, bẹ́ẹ̀ náà lábọ̀. Ọjọ́ tí kò bá wakọ̀, odò ni ẹ ó ti rí i. Á gé ọparun, á so okùn mọ́ ọn, á wa ekòló sínú ike, ó di etí Ogou tàbí etí Mono. Ó máa ń mú ẹja bọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹja kọ́ ló ń wá lọ. Ọkùnrin tí ariwo mọ́tò ti kún létí tó bẹ́ẹ̀ nílò ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pariwo mọ́ ọn.

Ibà kan ló bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì yí po tí a fi sin ín.

Ibi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyí. Mo bínú sí Ọlọ́run. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ aṣọ opó, mo ń la ẹnu kọrin pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ, ṣùgbọ́n bí mo bá dé iyàrá tí mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kì í jáde. Kì í ṣe pé mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Mi ò fẹ́ bá A sọ̀rọ̀ ni. Ìyá mi fura. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Mo ní mo ti gbọ́, Mọ̀mọ́. Inú mi ò rọ̀ síbẹ̀. Oorun náà sá. Lóru, màá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi láìrán nǹkan kan, màá máa ka ìró àkùkọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan ti gbé nínú àgbàlá wa rí. Ó wá pẹ̀lú Corps de la Paix, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ti ń wọ Tógò láti 1962, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè é ní Yovo, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo òyìnbó lọ́dọ̀ wa. Òun àti ọkọ mi di ọ̀rẹ́ nítorí odò. Ó sọ fún un pé ní ìlú àwọn, bàbá òun kì í fi ekòló pẹja, kòkòrò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì ló ń lò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ń padà sílé, ó fi fáìsì kékeré kan tí a ń dè mọ́ etí tábìlì sílẹ̀ fún wa, pẹ̀lú páálí ìwọ̀ àti ìwé kan tó kún fún àwòrán. Ọkọ mi kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Abẹ́ ibùsùn yẹn náà ni mo ti fà á jáde lóru ọjọ́ kan tí mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe mọ́.

Òwú kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo ń rán máa ń tóbi níwájú mi. Èyí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti gbé àtùpà sún mọ́ ojú. Ìwé náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí bàbá mi kọ́ mi díẹ̀, mo sì ń fi àwòrán kún ohun tí mi ò lè kà. Nínú rẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Ní nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn ikú Olúwa wa, òǹkọ̀wé kan ní Róòmù tó ń jẹ́ Aelian ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Makedóníà máa ń wé irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n á fi ìyẹ́ àkùkọ méjì kún un, ẹja odò wọn á sì fò mọ́ ọn. Makedóníà tí Pọ́ọ̀lù rí ọkùnrin ibẹ̀ nínú ìran! Mo dákẹ́ sórí ojú ewé yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwọ̀ jíjù jáde ní 1496, irú kòkòrò àtọwọ́dá 12 ló wà nínú rẹ̀, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ́ Juliana Berners ni wọ́n sì ń pè ní ẹni tó kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn sí i.

Ti àwọn obìnrin tó kù ló wọ̀ mí lára jù. Carrie Stevens, ní ìpínlẹ̀ Maine, obìnrin tó ń fi ìyẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí fìlà ni. Ó gbé ọgbọ́n fìlà ṣíṣe wọ inú ìwọ̀, kò tilẹ̀ lo fáìsì, ọwọ́ lásán ló fi ń dì í. Ní 1924 ó fi èyí tó dì fúnra rẹ̀ mú ẹja kan tó wọn nǹkan bíi póùn méje, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo Amẹ́ríkà. Megan Boyd, ní ilẹ̀ Scotland, di ti ẹja samọ́nì títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní 1971, kò lọ gbà á lọ́wọ́ ọbabìnrin nítorí kò rí ẹni tí yóò bá a tọ́jú ajá rẹ̀. Obìnrin yìí kì í pẹja rárá. Dídì ló ń dì. Ní Kẹ́ńyà lónìí, àwọn obìnrin àti ọkùnrin ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Kòkòrò tí wọ́n bá dì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Télọ̀, oníṣẹ́ fìlà, oníṣẹ́ ìyẹ́: mo rí i pé ibi tí mo jókòó sí lóru yẹn, àwọn obìnrin ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi.

Ohun mìíràn tún wà tó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé gbogbo ohun èlò náà yóò jẹ́ ti òyìnbó. Irọ́ ni. Ìyẹ́ ẹtù wà nínú ìwé yẹn, ẹtù tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ìyẹ́ ògòǹgò wà níbẹ̀. Ìko wà níbẹ̀, ìko tí a ń fi hun ẹní. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti fi wé ara kòkòrò fún ọdún pípẹ́. Ohun tí à ń gbá dànù lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń rà.

Ṣùgbọ́n kòkòrò inú ìwé náà kì í ṣe kòkòrò wa. Ẹja Ogou kò mọ̀ wọ́n. Èyí ló mú mi jáde kúrò nínú iyàrá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sétí odò lójúmọmọ, láìmú ọ̀pá dání, kí n lè mọ ohun tó ń bọ́ sómi. Mo rí tata tí afẹ́fẹ́ gbá kúrò lórí koríko. Mo rí èèrà, mo rí ìrẹ̀, mo rí lámilámi tó ń fi ìdí kan omi. Mo yí òkúta ibi tí omi ti ń sáré, mo bá ìdin wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan nínú ìdin bẹ́ẹ̀ ló ń di eṣinṣin dúdú kékeré tó ń bù ní jẹ létí odò, èyí tó ń gbé àrùn ìfọ́jú kiri. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan kú láìríran nítorí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ ohun tí eṣinṣin yẹn ṣe fún wa. Ní 1974 ni orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Tógò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, para pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń fi hẹlikópítà fọ́n oògùn sójú odò láti pa ìdin rẹ̀. 2002 ni ètò náà parí. Mo ti di eṣinṣin yẹn náà rí, òwú dúdú àti ìyẹ́ eérú, lórí ìwọ̀ tó kéré jù nínú páálí. Ọwọ́ mi gbọ̀n bí mo ṣe ń dì í. Mo rántí ẹ̀gbọ́n ìyá mi títí mo fi so kókó rẹ̀, mo sì sunkún, ẹkún àkọ́kọ́ tó wá láti ìsàlẹ̀ ikùn mi láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi.

Èyí tí mo wá mọ̀ dì jù ni èsúnsún, ikán abìyẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tó dá, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tú jáde láti inú ilẹ̀, ọmọdé á máa fi abọ́ omi mú wọn lábẹ́ iná. Èyí tó bá gba orí odò kọjá, púpọ̀ nínú wọn ló ń já sómi, ẹja á sì dé. Mo mú ọ̀kan, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun. Ìyẹ́ mẹ́rin ló ní, gígùn kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n sì gùn kọjá ìdí rẹ̀.

Bí mo ṣe ń dì í nìyí. Màá fi fáìsì há ìwọ̀ nọ́mbà 8 tàbí 10. Màá fi ìda oyin pa òwú aláwọ̀ ilẹ̀ kí ó má baà yọ̀, màá wé e láti ẹ̀yìn ojú ìwọ̀ títí dé ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀. Mo ti gé sílípáàsì àlòkù sí tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Sílípáàsì kì í rì, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Màá tẹ́ ẹ sórí ìwọ̀, màá fi òwú fún un ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí kí ikùn rẹ̀ lè ní oríkèé. Màá fi ìko tín-ínrín méjì lé ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìyẹ́, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó sì gùn ju ara lọ. Èyí tó kù ni iṣẹ́ gan-an: ìyẹ́ ọrùn àkùkọ. Kì í ṣe ti àgbébọ̀. Ìyẹ́ àgbébọ̀ rọ̀, ó ń mumi, a fi í di kòkòrò tó bá fẹ́ rì. Ti àkùkọ tó ti gbó le, ó ń tàn. Màá so ìdí rẹ̀ mọ́ iwájú, màá yí i po nígbà bíi mẹ́rin, irun rẹ̀ á sì dìde yíká di ẹsẹ̀ tí kòkòrò náà fi ń tẹ omi. Màá so kókó tí ń bo ara rẹ̀, màá gé òwú, màá kán kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ sórí rẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ dì dára lójú mi, ó jọ èsúnsún bíi pé wọ́n bí wọn pọ̀. Ẹja wò ó, ó yísẹ̀ padà. Ojú ewé kan nínú ìwé yẹn ló ràn mí lọ́wọ́: ẹja kì í wo kòkòrò láti òkè. Ìsàlẹ̀ ló wà. Ohun tó ń rí ni òjìji ikùn, àpá ẹsẹ̀ lójú omi, àti ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú ìyẹ́ kọjá. Láti ìgbà náà, bí mo bá di ọ̀kan tán, inú abọ́ dígí tó kún fún omi ni màá jù ú sí, màá gbé abọ́ náà sókè orí, màá wò ó láti abẹ́. Ohun tí mo ń ṣe lóru nìyẹn nígbà tí ẹnì kan nínú àwọn ará ọkọ mi yọjú lójú fèrèsé.

Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Opó, ní òru, ó gbé abọ́ omi sókè orí. Òwú dúdú àti pupa wà lórí tábìlì, ìyẹ́ wà níbẹ̀, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo agboolé ti gbọ́. Wọ́n ní òògùn ni mò ń dì. Wọ́n ní bóyá ọwọ́ yìí náà ló di ti ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Ẹni tó bá ti ṣe opó rí ló mọ bó ṣe ń rí lára. Ẹnì kan tilẹ̀ wá láti ìjọ láti bi mí bóyá mo ti padà sídìí ohun tí a kọ̀ sílẹ̀.

Bàbá àgbà kan nínú ìdílé ọkọ mi, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyàwó, ṣé òótọ́ ni pé ò ń di nǹkan lóru?”

“Òótọ́ ni, Bàbá.”

“Gbé e wá. Jókòó síbí. Di ọ̀kan lójú mi.”

Mo gbé agolo bisikíìtì tí mo ń kó ẹrù náà sí wá. Mo dì í lójú gbogbo wọn, láìyára, mo ń sọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń mú un. Nígbà tí mo parí, Bàbá ní kí wọ́n bu omi wá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kòkòrò náà sójú omi. Ó léfòó. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó títí. Ó ní, “Èsúnsún.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àwọn ṣe máa ń kó èsúnsún sínú igbá nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí àwọn á máa ta wọ́n sódò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí ẹja lè yọjú, tí ẹ̀gbọ́n òun á sì fi ọfà ta á. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn tó mú ẹjọ́ mi wá. “Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ fi í sílẹ̀.” Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ọlọ́run ti mú Bàbá náà lọ báyìí, mo sì ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn rọ̀ lọ́sàn-án, ó sì dá. Mo mú ọparun ọkọ mi, mo so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí rẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rọ ìkáokùn tí àwọn òyìnbó ń lò, mi ò sì nílò rẹ̀. Àwọn ará Japan pẹ̀lú ní irú ìpẹja kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní tenkara, ọ̀pá, okùn àti kòkòrò lásán ni. Mo yan apá Ogou tí omi rẹ̀ kò jìn. Mi ò lọ sí adágún Nangbéto, níbi tí wọ́n ti fi dáàmù sé odò Mono láti 1987, nítorí erinmi wà níbẹ̀, àṣálẹ́ sì ni. Mo rí i tí omi ń tú yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ lábẹ́ igi kan tó tẹ̀ sódò. Mo ju kòkòrò mi síwájú ibẹ̀, mo sì dẹ okùn, nítorí bí okùn bá wọ́ ọ gba ojú omi, ẹja á mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Èsúnsún gidi kì í gun orí omi sáré. Ó ń bá omi lọ ni.

Ó ń bá omi lọ. Ó dé abẹ́ igi. Omi la ẹnu, ó sì pa á dé.

Ẹja funfun kan ni, ìpẹ́ rẹ̀ tóbi, ó ń dán gbinrin, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Brycinus macrolepidotus, tó máa ń jẹ kòkòrò àti ewéko. Kò tóbi. Mo dì í mú nínú omi, mo rí òwú mi létí ẹnu rẹ̀, òwú tí mo fi ọwọ́ mi pa ní ìda. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi: “Olúwa, O ṣeun.” Mi ò pète rẹ̀. Ẹnu tó ti padé láti ọjọ́ ìsìnkú ló là fúnra rẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mo bá Ọlọ́run sọ gbogbo ohun tó wà níkùn mi, ìbínú náà pẹ̀lú, mi ò ṣa ọ̀rọ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mi ò sọ pé kòkòrò wo ọkàn mi sàn. Ìbànújẹ́ mi wà níbẹ̀, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó ń wúwo. Ohun tí mò ń jẹ́rìí sí ni pé nígbà tí ẹnu mi kọ̀ láti gbàdúrà, Ọlọ́run kò bínú padà sí mi. Ó fún ọwọ́ mi níṣẹ́, Ó sì ní sùúrù títí ẹnu fi bá ọwọ́ dé. Mo ti sọ ọ́ níwájú ìjọ wa, mo sì gbé agolo náà dání kí gbogbo ènìyàn lè wo inú rẹ̀.

Lónìí, méjì nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ mi ti mọ kòkòrò dì; ọ̀kan ti ń di tata ju tèmi lọ. Ẹ̀yin tó ń sin ẹtù, tó ń pa àkùkọ lọ́dún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹ́ wọn dáná. A nílò wọn. Ẹ̀bẹ̀ mi tó ju ìyẹn lọ sì nìyí, pàápàá sí ẹ̀yin ará ọkọ: bí opó bá wà nínú ilé yín, tí ẹ sì rí ohun tí kò yé yín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe, kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ.